Ohùn Wà, Kò Sẹ́ni Tó Mọ Olóhùn

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa mẹ́ta tí a jọ kọ àpilẹ̀kọ yìí ti jìn sí kòtò kan ní Tchaourou, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ sí pápá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti fonọ́lọ́jì, kì í sì í ṣe ti síńtáàsì. Ọ̀rọ̀ ibi tí à ń kó dátà wa sí ni, àti bí a ṣe ń gbé e jáde nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa rò pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni èyí. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tí ìdílé kan jókòó yí wa ká nínú àgbàlá wọn, tí wọ́n ń retí ohùn ìyá wọn, tí a kò sì rí i fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlú náà. Tchaourou wà ní ẹkùn Borgou, ní ojú títì tó ti Cotonou lọ sí Parakou. Láti ibẹ̀ dé Parakou kò tó 70 kìlómítà. Kọmúùnù náà fẹ̀ gan-an, ó sì pín sí agbègbè méje: Tchaourou fúnra rẹ̀, Alafiarou, Bétérou, Goro, Kika, Sanson àti Tchatchou. Ẹni tó bá dúró ní ọjà ìlú náà fún wákàtí kan yóò gbọ́ Yorùbá, yóò gbọ́ Baatonu, yóò gbọ́ Fúlàní, Faransé yóò sì máa já wọ àárín wọn. Yorùbá ibẹ̀, èyí tí àwọn ìwé Faransé ń pè ní Nago, sún mọ́ ti àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé-ìwé Faransé ni a lọ láti kékeré. Yorùbá ni a ń sọ nílé, ṣùgbọ́n yunifásítì ni a ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ wa kọ ọ́ sórí ìwé. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi jẹ wá lógún.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. A mú àkójọ ọ̀rọ̀ 1,700 tí Keith Snider àti James Roberts ti SIL ṣètò fún fífi àwọn èdè Áfíríkà wéra, èyí tó ní Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé nínú. A ó bi àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ó gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ fàlàlà nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn: bí a ṣe ń kọ ebè, bí a ṣe ń mọ irú iṣu kan yàtọ̀ sí èkejì, bí a ṣe ń ṣe òrí.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan ni a ní, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ìrántí rẹ̀ jẹ́ 4 GB. Ẹnì kan nínú wa gbọ́ èdè Python díẹ̀, ó sì kọ ètò kan tí yóò máa bá wa tọ́jú ohun tí a bá gbà sílẹ̀. Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí a bá ṣí i, yóò wọ inú àpò tí àwọn fáìlì ohùn wà, yóò ka gbogbo wọn tán láti orí dé ìdí, yóò sì kó wọn sínú ìrántí. Ìgbà náà ni yóò tó to orúkọ wọn sílẹ̀ kí a rí i. A ó wá máa kọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, abúlé rẹ̀, ọjọ́ tí a gbà á, àti ọ̀rọ̀ tó sọ, sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ yìí ni a ń pè ní kátálọ́ọ̀gì. Inú ìrántí ni òun náà ń gbé ní gbogbo ọjọ́. Bí a bá fẹ́ pa ètò náà dé ní alẹ́ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sórí dísìkì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dùn mọ́ wa. Ó dùn mọ́ wa débi pé a pa ìwé àti bírò tì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀ wò. Bí a bá gba ohùn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì fonẹ́tíìkì, ìyẹn àyẹ̀wò 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì 16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti inú gbohùngbohùn kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú àáyá kan yóò gba báìtì 88,200. Wákàtí kan yóò gba 317,520,000. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta fi máa parí, a ti ní ohùn wákàtí 40 lọ́wọ́, èyí tó ju bílíọ̀nù báìtì 12 lọ. Ìrántí tí kò ju bílíọ̀nù 4 lọ ni a ń fi agbára rọ ọ́ sí. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í yá àyè lórí dísìkì, ó ń kó wọlé, ó ń kó jáde, bí ẹni tó ń fi agbọ̀n pọn omi. Ní òwúrọ̀, a ó ṣí ètò náà, a ó lọ jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, a ó padà dé, kò tíì ṣí tán.

A wá ń ronú bí ẹrù náà yóò ṣe fúyẹ́. Ẹnì kan dábàá pé kí a gé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde, kí a sì pa ìyókù rẹ́: ikọ́, ẹ̀rín, ariwo ọmọdé, igbe adìyẹ, gbogbo ohun tí kò sí nínú 1,700. Gbogbo wa fara mọ́ ọn. A gé mélòó kan wò, a sì fún fáìlì wọn ní orúkọ ọ̀rọ̀ náà láìfi àmì sí i, torí a bẹ̀rù pé kọ̀ǹpútà kò ní gba àmì. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, oko tí a ń lọ, gbogbo wọn di oko.wav. Èyí tó dé kẹ́yìn pa àwọn tó ṣáájú rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè sì ni wá o! Ọpẹ́ ni pé a kò tíì pa ohùn tí a gé wọn láti inú rẹ̀ rẹ́. Ó rẹ̀ wá lálẹ́ ọjọ́ náà, a ní ó di ọ̀la.

Ọ̀la náà kò dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a fẹ́ pa ètò náà dé kí a lọ sùn. Kọ̀ǹpútà takú. A dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kátálọ́ọ̀gì sórí dísìkì ní ìgbẹ̀yìn, iná sì lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà wa ti gbó, kò gba ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí iná padà dé ní òwúrọ̀, fáìlì kátálọ́ọ̀gì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n báìtì òdo ni ó wà nínú rẹ̀. Ìdí ni pé ètò wa máa ń nu kátálọ́ọ̀gì àná kúrò kí ó tó kọ ti òní. Ó ti nu àná, kò sì tíì kọ òní. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ báyẹn. Àwọn fáìlì ohùn kò sọnù, gbogbo wọn wà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fún wọn. Ohun tí a kò ní mọ́ ni ẹni tó ni ohùn kọ̀ọ̀kan.

Ojú tì wá láti sọ fún ẹnikẹ́ni. A padà sí yunifásítì, a ń tan ara wa pé a ó dá wọn mọ̀ bí a bá gbọ́ wọn. Oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni fóònù dún. Ọmọkùnrin àgbà ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí a gba ohùn wọn ni. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ wa, ìyá yín ti lọ sílé. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni àdúrà ogójì rẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọ-ọmọ ló ń bọ̀ wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé ohùn rẹ̀ dání.” A ní, “Bàbá, a gbọ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.” Ta ni yóò sọ fún un pé kò sí?

Ní ọjọ́ náà, lẹ́yìn àdúrà, lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé àga fún wa. A gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí. A ṣí ètò náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wákàtí 40 sínú ìrántí níṣojú gbogbo ẹbí. Àwọn ènìyàn dákẹ́, wọ́n ń wo wá. Ọmọdé kan béèrè bóyá ìyá ńlá wà nínú àpótí yẹn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tún takú, a pa á, a tún un tàn, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣí fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn ìyá kan jáde. Wọ́n ní, “Òun kọ́.” Òmíràn jáde. “Òun kọ́.” Ìyá mẹ́sàn-án ni a gba ohùn wọn ní agbègbè náà, fáìlì wọn sì ju ọgọ́rùn-ún lọ. Bí wákàtí kan ṣe kọjá, ọmọbìnrin àgbà olóògbé dìde, ó fọwọ́ kàn wá léjìká, ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣeun. Ẹ ó rí i lọ́jọ́ mìíràn.” Kò sẹ́ni tó bú wa. Bí wọ́n bá bú wa ni, ìbá sàn.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ọ̀rọ̀ Amadou Hampâté Bâ, ọmọ Mali, wá sí ọkàn wa. Kò sí ọmọ tó lọ ilé-ìwé Faransé ní ilẹ̀ Áfíríkà tí kò gbọ́ ohun tó sọ ní UNESCO ní ọdún 1960, níbi tó ti fi àgbà tó kú wé ilé ìkàwé tó jóná. A ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìdánwò wa lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ti Tchaourou kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìkàwé tiwa kò jó. Gbogbo ìwé inú rẹ̀ pé. Ìwé atọ́ka rẹ̀ ni ó jó, iná sì kọ́ ló jó o, ọwọ́ wa ni. Ẹni tó bá ní ìwé 1,000 tí kò sí orúkọ lára ọ̀kankan nínú wọn, kí ló fi sàn ju ẹni tí kò ní lọ, nígbà tí àlejò bá dé tó ń béèrè ọ̀kan ṣoṣo?

Ọ̀rọ̀ Faransé kan náà tún wá sí wa lọ́kàn: mémoire. Ìrántí ọmọ ènìyàn ni, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí ni, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ kó tó gboyè náà ni. Akọ àti abo nìkan ló ya ti ìkẹyìn sọ́tọ̀. Àwa gbé ìkẹta lé ìkejì lórí, a sì rò pé ìkíní yóò gbà wá bí ó bá ṣubú. Kò sí èyí tó gbà wá. Ìrántí, yálà ti orí ni tàbí ti kọ̀ǹpútà, ibi tí a ń gbé nǹkan lé fún ìgbà díẹ̀ ni. Ibi tí a ń kó o pamọ́ sí gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀.

Oṣù méjì gbáko ni a fi tún orúkọ àwọn olóhùn wá. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti kọ ọjọ́ àti aago sára fáìlì kọ̀ọ̀kan, aago rẹ̀ sì tọ́. A fi èyí wé àwòrán tí a fi fóònù yà lójoojúmọ́, torí àwòrán náà ní aago tirẹ̀. A fi í wé ìwé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí a tó pa bírò tì. Èyí tó kù, a gbé e padà lọ sí Tchaourou, a jókòó ti àwọn àgbà, a ń bi wọ́n léèrè ohùn ta ni èyí. Nígbà mìíràn, ikọ́ ni wọ́n fi ń dá ènìyàn mọ̀, tàbí igbe ọmọ kan tó ń sunkún lẹ́yìn ilé. Ẹ rántí pé ohun tí a fẹ́ pa rẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni a tún ètò náà kọ láti ìpìlẹ̀. Ìlànà méjì péré ló wà nínú rẹ̀: kátálọ́ọ̀gì tí kì í kú, àti ohùn tí kì í dé àfi bí a bá pè é.

Ẹ má rò pé ọgbọ́n tuntun ni. Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo. Èso mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí sókè tàbí kó dojú bolẹ̀, ìdí nìyí tí odù fi jẹ́ 256. Orúkọ odù wọ̀nyí ni babaláwo kó sí orí ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ tó wà lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan pọ̀, kò sì sí babaláwo tí yóò ki gbogbo ẹsẹ Ifá tán kí ó tó kí ẹni tó wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ yóò tọ́ka odù tó jáde, ìgbà náà ni yóò ki ẹsẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni àgbẹ̀ Tchaourou kì í ru gbogbo iṣu oko rẹ̀ wá sí ìdí ààrò nítorí iyán alẹ́ kan. Ó mọ iye tó wà lóko, ó mọ ibi tó tò ó sí, èyí tó fẹ́ jẹ ló ń mú wá.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe èyí ní chargement paresseux lédè Faransé, gbígbé ẹrù bí ọ̀lẹ. Orúkọ náà kò tẹ́ wa lọ́rùn, torí ọ̀lẹ kì í ṣe oríkì rere lẹ́nu Yorùbá. Láàárín ara wa, a pè é ní a-béèrè-kí-a-tó-gbé. Ẹ̀yin náà ti ń lò ó láìmọ̀. Nínú Praat, tí Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ṣe, àṣẹ “Read from file…” ń gbé gbogbo ohùn wọ inú ìrántí, ṣùgbọ́n “Open long sound file…” ń fi í sílẹ̀ sórí dísìkì, apá tí ẹ bá ń wò nìkan ló ń kà. Fáìlì ELAN, láti Max Planck ní Nijmegen, kò ní ohùn kankan nínú. Ó kàn kọ ibi tí ohùn wà àti àkókò tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ tó sì parí ni. NLTK, tí Steven Bird àti Edward Loper bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania ní 2001, kì í ka kọ́pọ́ọ̀sì kan títí ẹ ó fi béèrè ohun kan nínú rẹ̀.

Fún kátálọ́ọ̀gì, a lo SQLite, tí D. Richard Hipp gbé jáde ní ọdún 2000. Fáìlì kan ṣoṣo ni, ọ̀fẹ́ ni, ó sì wọ inú kí USB èyíkéyìí. Àtẹ mẹ́ta ló wà nínú tiwa. Èkíní jẹ́ ti àwọn olóhùn: ta ni, ọmọ abúlé wo, ọjọ́ orí, àti ohun tó gbà pé kí a fi ohùn òun ṣe. Èkejì jẹ́ ti fáìlì: ibo ló wà, ọjọ́ wo ni a gbà á, báwo ló ṣe tóbi tó. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọ̀rọ̀: inú fáìlì wo, láti ìṣẹ́jú wo dé ìṣẹ́jú wo. A kò gé ohùn kankan. A kàn ń tọ́ka sí i. Gbogbo ìlà tí a bá kọ, lójú ẹsẹ̀ ló ń dé orí dísìkì, a kì í dúró di alẹ́. SQLite kì í sì í nu àná kúrò kí ó tó kọ òní. Ó máa ń kọ́kọ́ ṣe àdàkọ ojú-ewé tó fẹ́ yí padà sínú fáìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí iná bá lọ láàárín, àdàkọ yẹn ni yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tí a bá tún ṣí i. Yálà àyípadà náà ṣẹlẹ̀ tán, tàbí kò ṣẹlẹ̀ rárá.

Ohùn ńkọ́? Ó dúró síbi tó wà. Orí fáìlì WAV wa jẹ́ báìtì 44. Bí ọ̀rọ̀ kan bá bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 12, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 720, ètò náà yóò fo báìtì 63,504,044, yóò ka 176,400 fún ohùn ìṣẹ́jú àáyá méjì, yóò sì dúró. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ kẹ́yìn ló ń wà nínú ìrántí. Bí tuntun bá wọlé, èyí tó pẹ́ jù yóò jáde. Kọ̀ǹpútà 4 GB yẹn náà ni a ṣì ń lò. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, kátálọ́ọ̀gì ti ṣí.

A kò ní fi àléébù rẹ̀ pamọ́ fún yín. Ètò àkọ́kọ́ kò gbọ́n, ṣùgbọ́n bí fáìlì kan bá bàjẹ́, kíá ni yóò pariwo, torí gbogbo wọn ló ń kà ní òwúrọ̀. Ètò tuntun kì í bèèrè ohun tí a kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Fáìlì méjì bàjẹ́ nígbà tí a ń kó wọn sórí kí USB, orúkọ wọn sì wà nínú kátálọ́ọ̀gì bí ẹni tó wà láàyè. Oṣù mẹ́ta kọjá kí ẹnì kan tó pe ọ̀rọ̀ kan nínú wọn. A padà lọ gba ọ̀kan. Èkejì, bàbá tó ni ohùn náà ti re Nàìjíríà lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Ní báyìí, lálaalẹ́, a máa ń jẹ́ kí ètò náà rìn yí gbogbo fáìlì ká, kó wo bí wọ́n ṣe tóbi tó, kó ṣírò àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní SHA-256, kó sì fi wé èyí tí a kọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe a-béèrè-kí-a-tó-gbé gbọ́dọ̀ máa lọ kí oko rẹ̀ wò.

Ohun kan tún wà tó kan àwa onímọ̀ èdè gan-an. Kí ni kí a fi ṣe kọ́kọ́rọ́ tí a ó fi máa wá ọ̀rọ̀? A kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1975 ni Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè tirẹ̀, tí a tún ṣe ní 1990 àti 2008, èyí tó yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú wa kọ ɔ̀kpɛ, èkejì kọ ọ̀pẹ. Ọ̀kan kọ ishu, èkejì kọ iṣu. Kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí igi méjì àti iṣu méjì. Ẹ wo ẹ́ nìkan pàápàá: ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni Unicode lè gbà tọ́jú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a bá ṣe to lẹ́tà, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè. Ojú kò mọ ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. A ń wá ọ̀rẹ́, ó ní kò sí, ọ̀rẹ́ sì wà níbẹ̀. A wá sọ gbogbo wọn di NFC, ìyẹn ọ̀nà kan ṣoṣo, kí wọ́n tó wọ àtẹ. Nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ kankan ni a fi ṣe kọ́kọ́rọ́, àkọtọ́ méjèèjì sì di aṣọ tí ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀. Àkọtọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀. A ti kọ ọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì, oko.wav ló jẹ́ kó yé wa.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, a gba Tchaourou lọ. A kò dúró de ìpè. Ọmọbìnrin àgbà olóògbé wà nílé, pẹ̀lú àwọn ọmọ mélòó kan. A kọ orúkọ ìyá wọn sínú ètò náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ sì tò wálẹ̀. A tẹ ọ̀kan. Ohùn ìyá jáde: “Iṣu. Iṣu. Iṣu.” Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni a béèrè, bẹ́ẹ̀ ló sì dákẹ́.

Ọmọbìnrin náà ní, “Ẹ jẹ́ kó máa lọ.”

A jẹ́ kó máa lọ. Ìyá mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ẹ bá mi lé adìyẹ yẹn, kó má jẹ àgbàdo mi.” Ó wú ikọ́. Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ní oríkì, ó ní kó bu omi wá fún àwọn àlejò. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ó ti ga díẹ̀ ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn.

Nínú 1,700, kò sí “ẹ bá mi lé adìyẹ yẹn”. Bí a bá ti gé ọ̀rọ̀ jáde tí a pa ìyókù rẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ṣe pinnu lálẹ́ ọjọ́sí, ìgbà mẹ́ta “iṣu” ni à bá gbé wá fún wọn. Nítorí pé a tọ́ka sí ohùn náà tí a kò gé e, ìyá wọn ṣì wà níbẹ̀ lódindi. A ṣí kátálọ́ọ̀gì lójú ẹsẹ̀, a fi ìlà tuntun kún un: fáìlì wo, láti ìṣẹ́jú wo dé ìṣẹ́jú wo, “ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀”. Kí a tó lọ, a da gbogbo ohùn ìyá kọ sínú káàdì fóònù ọmọkùnrin rẹ̀, a sì fi bírò kọ àwọn àkókò náà sórí ìwé fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí pápá lọ́dún yìí, ẹ kọ orúkọ olóhùn sílẹ̀ kí ẹ tó dìde ní ìjókòó. Ẹ má dúró di alẹ́. Ẹ má gé ohun tí ẹ lè tọ́ka sí. Ẹ jẹ́ kí ìwé àti bírò bá yín lọ, bó ti wù kí kọ̀ǹpútà yín dára tó. Ẹni tó bá fẹ́ ètò kékeré tí a kọ yìí, kó wá bá wa ní ẹ̀ka wa. A ó fún un lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì sọ ibi tí kò tíì dán mọ́rán sí fún un.

Ọ̀nà yín á dára.